Àbúrò mi kì í gba owó oṣù nílé ìtajà Bàbá: ṣé kò léwu?

Ìbéèrè: Bàbá wa ń ta sìmẹ́ǹtì àti páànù ní Kétu, ní Benin níbí. Láti ọdún 2017 ni àbúrò mi ọkùnrin ti ń bá a mójú tó ọjà. Kì í gba owó oṣù, torí pé ti gbogbo wa ni. Ní báyìí, Bàbá fẹ́ kí èmi náà fi iṣẹ́ mi ní Kútọnu sílẹ̀ wá bá wọn. Kí ni àǹfààní òwò ẹbí, kí sì ni ewu rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹfààní rẹ̀ ò fara sin: ọmọ ẹni á tètè ṣílẹ̀kùn, orúkọ Bàbá ló sì ń jẹ́ kí wọ́n tajà fún yín láwìn. Ewu rẹ̀ ńkọ́? Ta ló fẹ́ lé ọmọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́? Ìyẹn ò rọrùn.

"Kì í gba owó oṣù" yẹn ló dẹ́rù bà mí. Ó ń gbà á, ẹ kàn ò mọ iye rẹ̀ ni. Ẹ ṣí ìwé ọjà wò: ẹ ó rí "sìmẹ́ǹtì 6, ti ilé", láìsí ọjọ́, láìsí iye owó. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀, epo alùpùpù, aṣọ ẹbí, inú àpótí kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. N ò pè é lólè o! Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí ẹ̀yin ará Kútọnu á fi máa fura sí i, tí òun náà á sì máa wò yín bí ẹni tó ń dúró de ogún.

Ká ní èrè oṣù kan jẹ́ 150,000 sẹ́fà. Ẹ yọ 60,000 tí ẹ máa san bó bá jẹ́ àjèjì ló ń ṣiṣẹ́ náà (láti 2023, òfin ò gbà ká san kéré sí 52,000 lóṣù). Ẹ yọ owó ṣọ́ọ̀bù tí ẹ kì í san torí pé Bàbá ló nilé. Kí ló kù? Ó lè jẹ́ òógùn àbúrò yín lẹ ń pè ní èrè.

"Ti gbogbo wa" náà ńkọ́? Bó bá jẹ́ orúkọ Bàbá nìkan ló wà nínú RCCM, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò, ti Bàbá ni. Lọ́jọ́ tí wọn ò bá sí mọ́ (Ọlọ́run á dá wọn sí), ó di ogún. Òfin ìdílé wa ti 2004 ò fi ọmọkùnrin ṣáájú ọmọbìnrin, ìyá yòówù kó bí wọn. Àbúrò yín tó ń ru sìmẹ́ǹtì á gba iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí ò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìwé tí baálé fọwọ́ sí ti tó láti fi pín ogún náà.

Kọ̀ǹtábù, ìyẹn oníṣirò owó, ni mí, n kì í ṣe lọ́yà. Ẹ kó ìwé yín lọ bá nọ́tẹ́ẹ̀, ìyẹn amòfin tó ń ṣe ìwé ogún àti ìwé àdéhùn, kí Bàbá fúnra wọn wà níbẹ̀. Owó oṣù àbúrò yín ò ní láti dúró de nọ́tẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀: ẹ dá iye kan lóṣù yìí, kó sì máa fọwọ́ sí i. Kí ẹ̀yin náà má fiṣẹ́ sílẹ̀ o, títí Bàbá á fi sọ iye tí wọ́n á máa san fún yín. Tí wọ́n bá bínú, ẹ ní kọ̀ǹtábù kan ní Àjàṣẹ́ ló ní kí ẹ béèrè.