Etí tó dí lójijì: òní ni kẹ́ ẹ lọ, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì, àyà mi sì já. Ẹ ní ọjọ́ kẹfà rèé tí etí ọ̀tún yín ti dí lójijì, kò dùn yín, ó kàn ń hó ṣìì tó bá dalẹ́, dókítà tanná wò ó, ó ní kátà ni, ó fún yín ní oògùn tẹ́ ẹ ó máa kán sí i, ó ní kẹ́ ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wá ń bèèrè pé ìgbà wo gan-an ló yẹ kí dókítà ní kéèyàn lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbọ́ràn. Tiyín yìí, òní ni. Mi ò kì í ṣe dókítà o, etí òsì mi ni mo fi kọ́ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sì tíì padà wá títí dòní.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi rèé. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún, mo gbé e sétí òsì bí mo ṣe máa ń ṣe, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mò ń pariwo "hẹ́lò, hẹ́lò", mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mo ti fẹ́ pa á kí n tó ṣèèṣì gbé e sí ọ̀tún, háà, ohùn ẹni yẹn ń dún ketekete, ó ti ń sọ̀rọ̀ látìgbà yẹn. Mo wá fi àtàǹpàkò ra ìka ìfábẹ̀lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí méjèèjì bí ẹni tó ń ka owó. Ọ̀tún gbọ́ ṣìrìṣìrì, òsì dákẹ́ lọ gbári.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ rí dókítà, mi ò fi falẹ̀ rárá. Ó tanná wo inú etí, ó ní ìdọ̀tí díẹ̀ wà níbẹ̀, kátà ló sì dí ìyókù, ó fún mi ní oògùn kíkán àti oògùn kátà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo padà lọ, kò sí ìyàtọ̀, ó pààrọ̀ oògùn. Ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún kó tó kọ lẹ́tà pé kí n lọ rí dókítà etí, èmi náà ni mo sì bẹ̀ ẹ́ títí kó tó kọ ọ́. Èèyàn dáadáa ni, ó fetí sílẹ̀, kò kanra mọ́ mi. Àmọ́ kò wọn ìgbọ́ràn mi. Ihò etí àti awọ ìlù etí tó ń tanná wò yẹn, ẹnu ọ̀nà lásán ni, iṣan tó ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ wà nínú yàrá, iná yẹn ò sì lè débẹ̀ láéláé. Etí lè mọ́ tónítóní lójú dókítà kí iṣan inú ẹ̀ ti kú.

Níbi tí wọ́n ti wá ṣe àyẹ̀wò náà fún mi, yàrá kékeré kan ni wọ́n fi mí sí, wọ́n tilẹ̀kùn, ibẹ̀ dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ bí mo ṣe ń gbé itọ́ mì. Wọ́n fi nǹkan bo etí mi méjèèjì, wọ́n fún mi ní bọ́tìnnì, wọ́n ní tí mo bá ti gbọ́ "píì", bó ti wù kó kéré tó, kí n tẹ̀ ẹ́. Etí ọ̀tún, mò ń tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ìgbà tó kan òsì, mo jókòó, bọ́tìnnì wà lọ́wọ́ mi, mò ń retí, mo rò pé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Mo gbójú sókè, mo rí ọmọbìnrin tó ń ṣe é lẹ́yìn gíláàsì, ó ti ń tẹ nǹkan tiẹ̀ tipẹ́, ó ń wò mí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ìwé ẹ̀ hàn mí, O pupa ni ti ọ̀tún, ó tò lókè geere, X búlúù ni ti òsì, gbogbo ẹ̀ ti já sísàlẹ̀. Gbogbo eléyìí ò gbà ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, kò dunni, wọn ò gún mi lábẹ́rẹ́, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo sì fi dúró dè é.

Dókítà etí ní oògùn steroid, ìyẹn oògùn tó ń mú kí wíwú inú ara rọlẹ̀, ló yẹ kí wọ́n ti fún mi, pé inú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló máa ń ṣiṣẹ́ jù, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ká má parọ́ o, kì í ṣe gbogbo ẹni tó lò ó ni etí ẹ̀ ń ṣí, àwọn kan wà tí tiwọn ṣí fúnra ẹ̀ láìlo nǹkan kan, torí náà mi ò lè búra pé tèmi ì bá ti ṣí. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò ráyè gbìyànjú ẹ̀.

Nǹkan yìí kì í sì í ṣe àdììtú láàárín àwọn dókítà. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní England lọ́dún 2018 sọ ọ́ kedere: etí tó kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, tí dókítà ò bá rí nǹkan tó fà á níta etí tàbí lẹ́yìn ìlù etí, kí wọ́n fi ẹni náà ránṣẹ́ kí wọ́n lè rí i láàárín wákàtí 24. Tàwọn dókítà etí ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2019 ní kí àyẹ̀wò ìgbọ́ràn má kọjá ọjọ́ 14.

Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ lè ṣe nílé báyìí kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹ pa ẹnu dé, kẹ́ ẹ wá kùn "hùùùn". Tó bá jẹ́ inú etí tó dí yẹn ló ti dún jù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdọ̀tí tàbí omi ló dí i. Tó bá sá lọ sínú etí tó dáa, ẹ fura sí iṣan. Dókítà náà ní irin ẹlẹ́nu méjì kan tó máa ń lù tá á gbé lé iwájú orí fún irú nǹkan kan náà. Èsì tó bá wù kẹ́ ẹ rí, kò dípò àyẹ̀wò o, ẹ ṣì lọ.

Torí ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ti àwọn ẹlòmíì náà, mo máa sọ èyí tí mo mọ̀. Tó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ni kò gbọ́ dáadáa, tàbí etí kan ṣoṣo ló ń hó láìdákẹ́, wọn ò gbọdọ̀ pa á tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán inú orí èmi náà láti wò bóyá kókó kan hù sára iṣan etí, kókó yẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò sí lára mi, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n wò ó. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ máa gún ní abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò àrùn bíi gentamicin, amikacin tàbí streptomycin fún ọjọ́ púpọ̀, tàbí tí wọ́n fẹ́ fún ní cisplatin nítorí jẹjẹrẹ, kí wọ́n ti wọn etí ẹ̀ kí oògùn tó wọra, kí wọ́n sì máa wọ̀n ọ́n lọ, torí ohùn tó tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń lọ, ẹni náà ò ní mọ̀ títí tó fi máa dé orí ọ̀rọ̀ ẹnu.

Àwọn àgbàlagbà ló ń ká mi lára jù, torí ti màmá mi. Dókítà wọn ní wọ́n ń gbọ́ òun dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń gbọ́ ọ, yàrá ẹ̀ dákẹ́, ó jókòó kọjú sí wọn, wọ́n ń wo ẹnu ẹ̀! Ilé ni kó ti wá wò wọ́n, tí tẹlifíṣọ̀n ń pariwo, tí èèyàn mẹ́ta ń sọ̀rọ̀ pọ̀. Mo sọ pé "mo ti kà á", wọ́n ní kí ni mo tà. Ẹ wò ó, ohùn ọ̀rọ̀ náà dé etí wọn pé pérépéré, k àti t ni kò dé, irú ohùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí kọ́kọ́ máa ń mú lọ. Tí ará ilé bá ti ń sọ pé "wọn kì í gbọ́ mi", kí dókítà gba ti ará ilé gbọ́.

Ọmọdé, kíá ni. Kí wọ́n ti yẹ etí ọmọ tuntun wò kó tó pé oṣù kan, tí kò bá yege, kí wọ́n mọ ohun tó ṣe é kó tó pé oṣù mẹ́ta, kó sì ti máa rí ìrànlọ́wọ́ kó tó pé oṣù mẹ́fà. Èyí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ pẹ́ kó tó yọ, èyí tí ibà pọ́njú mú gan-an nígbà tí wọ́n bí i, gbogbo wọn ló yẹ kó lọ. Èyí tó ṣe yírunyírun ò gbọdọ̀ dúró rárá, torí eegun lè hù dí inú etí lẹ́yìn àìsàn yẹn, tó bá sì ti dí, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ tì sínú etí á ṣòro láti wọlé.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ padà síbẹ̀ lónìí, tí dókítà yẹn ò bá sí, ẹ lọ bá òmíì, tàbí kẹ́ ẹ gba ibi tí wọ́n ti ń wo etí lọ tààrà. Ẹ má sọ pé "etí mi dí", torí ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n rò pé kátà ni. Ẹ sọ pé: "Ọjọ́ kẹfà rèé tí etí mi ọ̀tún ò gbọ́ nǹkan mọ́, lójijì ló ṣẹlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wọn ìgbọ́ràn mi kẹ́ ẹ tó fún mi ní oògùn míì." Tí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ fi kún un. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fún yín ní ìwé tí O àti X wà lórí ẹ̀ yẹn, ẹ mú un lọ́wọ́.