Ta ni à ń pè ní atẹ̀lúdó?

Ìbéèrè: Ṣé ẹni tó kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀ kan náà ló tẹ ìlú ibẹ̀ dó?

Kò pọn dandan. Ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ lè jẹ́ ọdẹ tó pàgọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, tó yan ẹran rẹ̀ tán, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Inú "dó" ni ọ̀rọ̀ wà: kéèyàn fìdí kalẹ̀ síbì kan. Òun náà ló wà nínú "ibùdó". (Ẹ má dá a sọ láìsí "tẹ̀" níwájú àgbà o, ó ní ìtumọ̀ mìíràn.)

Ẹ wo Ògbómọ̀ṣọ́. Ìtàn ìlú náà sọ pé nígbà tí Ògúnlọlá kọ́ ahéré rẹ̀ sábẹ́ igi àjàgbọn, ó rí èéfín tó ń rú nínú igbó. Ó tọ èéfín lọ, ó bá àwọn ọdẹ mìíràn níbẹ̀. Ààlè, tí ìran rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹlẹ́rìn, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ògúnlọlá nìkan kọ́ ló wà nínú igbó, àmọ́ ahéré tirẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọdẹ wọn sọ di ojúkò. Bí wọ́n bá ti oko ọdẹ dé, ẹ̀wà àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ń dúró dè wọ́n lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó wá bá Aláàfin ṣẹ́gun Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ parí: ìdílé rẹ̀ ló ń jẹ Ṣọ̀ún, oyè ọba Ògbómọ̀ṣọ́, títí dòní.

Omi ni ìdílé tó bá fẹ́ tẹ̀dó máa ń kọ́kọ́ wá, odò tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Wọ́n á dá oko wò; bí iṣu bá ta, wọ́n á padà lọ kó ìyàwó àtọmọ. Wọ́n á dífá, wọ́n á sì gbin pèrègùn sí ààlà, torí pé bí a bá gé e tì mọ́lẹ̀ lásán, ó máa ń hù. Ní àkókò yìí, baálé ni olórí wọn, bàbá ilé. Ìgbà tí ará ibòmíràn bá wá tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló di baálẹ̀, bàbá onílẹ̀. Fáwẹ́lì ìparí àti ohùn rẹ̀ nìkan ló yà wọ́n, pátákó ojú títì kì í sì í fi àmì sí i.

Ibi tí ìjà ti ń wá nìyí. Wọ́n á fún àlejò nílẹ̀ kó fi gbin iṣu àti àgbàdo, kó sì máa san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn owó tàbí irè oko tó ń fún onílẹ̀. Wọn kì í gbà á láyè láti gbin obì tàbí kòkó láìtọrọ àyè, nítorí igi tó lè pẹ́ ju ẹni tó gbìn ín lọ ni wọn yóò fi ṣẹ̀rí lọ́la pé òun ló nilẹ̀. Bí onílẹ̀ bá dákẹ́, tí ìṣákọ́lẹ̀ sì dáwọ́ dúró fún ìran méjì, àwọn ọmọ àlejò náà á ní bàbá àwọn ló tẹ abà dó.

Bẹ́ẹ bá dé irú abà bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ẹni tí wọ́n ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ fún, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹni tó gbin igi obì tó dàgbà jù níbẹ̀.