Òrí tí ìyá ọkọ ń fi pa ìkókó lára: kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣé kò sì léwu?

Ìyá ìkókó kan ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ló béèrè: "Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ ni ìyá ọkọ mi ti gbé igbá òrí wá. Wọ́n ń fi pa ọmọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n ń fi sí i ní àwùjẹ̀, wọ́n ń fi sí ìdodo, wọ́n tún ń fi ìka tọ́ ọ sí i nímú. Nọ́ọ̀sì ní kí n má fi ohunkóhun pa á. Kí ni òrí yìí wà fún gan-an? Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á wò ó. Ẹ gbọ́ ti àwọn méjèèjì, àmọ́ ibi tí ẹ ó ti gbọ́ ti ọ̀kan yàtọ̀ sí ibi tí ẹ ó ti gbọ́ ti èkejì. Ara ọmọ, apá, itan àti ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí ìyá ọkọ yín máa fi òrí pa á. Ìdodo àti imú, nọ́ọ̀sì ló lọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀rọ̀ ni òrí dúró fún lójú àwọn ìyá wa. Ọmọ tuntun dé, awọ rẹ̀ ń bó, oríkèé rẹ̀ ká kò, igbe ló sì ń ké. Wọ́n fẹ́ kí ara rẹ̀ rọ̀, kí ayé náà sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí òrí fi wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ Òrìṣà-ńlá, pẹ̀lú ẹfun àti omi ìgbín. Òrìṣà yẹn kì í fẹ́ epo pupa, òrí ni wọ́n ń fi se oúnjẹ rẹ̀, òun náà sì ni wọ́n gbà pé ó ń mọ ọmọ nínú ìyá rẹ̀. Èmi ò rò pé ó ṣèèṣì tó fi jẹ́ pé ohun tó jẹ́ ti òrìṣà tó mọ ọmọ ni wọ́n ń fi pa ọmọ lára. Àmọ́ ẹ má fi èyí bẹ̀rù bí ẹ bá jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí. Àwọn ìyá àgbà tó ń ṣe é ní Rẹ́mọ lónìí, ọ̀pọ̀ wọn ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọn ò sì ronú kan òrìṣà kankan bí wọ́n ṣe ń bu òrí. Bí ìyá wọn ṣe ṣe é ni wọ́n ń ṣe é.

Ẹ ó rí ilé mìíràn ní Ìjẹ̀bú tó jẹ́ pé àdín ni wọ́n ń lò, wọn kì í tilẹ̀ ní òrí nílé. Ìyẹn náà ní ìdí. Igi òrí kì í hù nínú igbó tiwa, ọ̀dàn ni ilé rẹ̀: Ṣakí àti ilẹ̀ Òkè-Ògùn, Kwara, Niger, títí dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òkè ọya. Ọ̀pẹ ló wà lẹ́yìnkùlé wa, inú ekùrọ́ rẹ̀ ni àdín sì ti ń jáde. Òwò ló gbé òrí dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Ṣàgámù, obì ló mú àwọn Hausa wá débi tí wọ́n fi dá Sábó sílẹ̀, ọ̀nà tí obì ń gbà lọ náà sì ni ẹrù òkè ọya ń gbà bọ̀. Àdín ní èèwọ̀ tirẹ̀ ṣá o: Èṣù kì í jẹ ẹ́, ilé tí wọ́n bá ti ń bọ ọ́, wọn kì í yan àdín nítòsí rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe owó nìkan ló ń pinnu èwo nínú méjèèjì ló wọlé ta ni.

Ẹ wá jẹ́ ká wo iṣẹ́ tó ń ṣe lára. Ẹ bu òrí bíi hóró ẹ̀wà kan sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi ìka rà á. Kó tó pẹ́, ó ti di epo, nítorí pé ooru ara ènìyàn tó láti yọ́ ọ. Láàárín nǹkan bí 32 sí 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń yọ́. Bí ẹ bá rí hóró-hóró nínú rẹ̀, kò bàjẹ́. Ó yọ́ lọ́sàn-án, ó dì lóru ni. Ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni stearic acid àti oleic acid. Kì í ṣe pé òrí ń fún awọ lómi; ìdérí ló jẹ́, tí kì í jẹ́ kí omi tó wà nínú awọ tètè gbẹ lọ. Nítorí náà, ìgbà tí ara ọmọ ṣì tutù díẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi pa á, àsìkò yẹn gan-an sì ni ìyá ọkọ yín ń mú un, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ní ọyẹ́, ẹ ó mọ ìwúlò rẹ̀. Nígbà ooru, kí ẹ dín in kù, pàápàá ní ọrùn àti abíyá, torí pé ọ̀rá tó pọ̀ ń dí ojú òógùn, ooru ara á sì sú bo ọmọ.

Nọ́ọ̀sì ò purọ́. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìdí láti máa fi ìpara pa ọmọ tuntun tó pé oṣù tí ara rẹ̀ sì le, bí ẹni ń dènà àrùn awọ, àti pé kí wọ́n dúró fún wákàtí 24 ó kéré tán kí wọ́n tó wẹ ọmọ. Bí mo ṣe lóye rẹ̀, òrí kì í ṣe oògùn àjẹsára, ìkẹ́ ni. Bí ẹ kò bá fi pa á, ọmọ kò pàdánù nǹkan kan.

Ìdodo ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí gbọn-in. Títí ìwọ́ á fi já tí ojú rẹ̀ á sì jinná, ojú ọgbẹ́ ni. Òrí tí wọ́n fi ọwọ́ pò, tí wọ́n gbé gba ọjà mẹ́ta mẹ́rin kọjá, lè gbé kòkòrò wọ ibẹ̀, tẹ́tánọ́ọ̀sì sì ń gba ojú ìwọ́ wọlé. Bí wọ́n bá fún yín ní jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine, oògùn tó ń pa kòkòrò, ní ilé ìwòsàn, òun nìkan ni kó kan ibẹ̀, kó má sì dé ojú ọmọ rárá.

Ti imú nìyí: òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí ìyá ọkọ yín ń ṣe. Ní 1979, ìwádìí olùṣèwádìí kan, A. Tella, jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi hàn pé òrí ń la imú tó dí. Ṣùgbọ́n ìkókó yàtọ̀. Ọ̀rá tí wọ́n bá tọ́ sí i nímú lè ṣàn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kò sì rọrùn láti jáde níbẹ̀. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún imú ọmọdé ní kẹ́mísì ni kí ẹ lò. Òrí lórí àwùjẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan, àmọ́ bí àwùjẹ̀ bá jìn wọnú, tàbí tó wú tí ara ọmọ sì gbóná, ọ̀rọ̀ òrí ti tán nìyẹn: ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé èso igi ni, ó lè bá ara ọmọ jà. Kò wọ́pọ̀. Àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, tó ti ka òrí mọ́ àwọn èso tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ yẹn ní oṣù kìn-ín-ní 2025. Obì náà wà lára ohun tí wọ́n yọ, inú àwọn ará Ṣàgámù á dùn. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí i lápá, kí ẹ wò ó di ọjọ́ kejì.

Òrí kì í wo làpálàpá. Kì í dènà oòrùn tó bó ṣe yẹ, ẹ má fi òun nìkan rán àfín jáde lọ́sàn-án. Àgbà tí irorẹ́ ń yọ lójú rẹ̀, kó fi mọ sí ara. Kì í sì í bóni lára. Èyí tí wọ́n bá ní ó ń sọni di pupa, wọ́n ti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn, ẹ sá fún un.

Tí ẹ bá fẹ́ ra á, èyí tó funfun bíi ti wàrà tàbí tó pọ́n díẹ̀, tó ń rùn bí èéfín àti èso yíyan, ni kí ẹ mú. Èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú bíi pupa inú ẹyin, wọ́n ti pa á láró. Èyí tó kan, ẹ dá a padà.

Ẹ má bá ìyá ọkọ yín jà. Ẹ ní, "Ẹ ṣeun mà, ẹ máa bá mi pa á lára, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi ìdodo àti imú sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì." Kí ẹ sì fi ṣíbí tó mọ́ bu ti ọmọ sọ́tọ̀ sínú abọ́ kékeré tó ní ìdérí, nítorí gbogbo ilé ló ń ti ọwọ́ bọ igbá ńlá yẹn.