Ṣé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè tètè rí jẹjẹrẹ ọmú?

Kò tíì tó èyí tó lè rọ́pò mammogram, ìyẹn fọ́tò X-ray ọmú. Àjákù DNA (ohun tó gbé àbùdá sẹ́ẹ̀lì) tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn àyẹ̀wò tuntun yìí ń wá, ṣùgbọ́n kókó tó ṣì kéré kì í tú púpọ̀ sílẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021 lórí Galleri, ọ̀kan lára àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí, nǹkan bíi 3 péré ló rí nínú 100 jẹjẹrẹ ọmú tó wà ní ìpele kìíní. Ní ìpele kejì, ó sún mọ́ ìdajì.

Bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà tún lè ba èsì jẹ́. Tó bá jẹ́ ìgò EDTA lásán (èyí tó ní èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), láàárín wákàtí mélòó kan ni kí wọ́n ti fi ẹ̀rọ yí i, kí wọ́n ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀. Bó bá pẹ́, sẹ́ẹ̀lì funfun á bẹ́, DNA tiwọn á sì bo ìwọ̀nba tí wọ́n ń wá mọ́lẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí CA 15-3, èròjà kan tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, fọkàn yín balẹ̀. Àwọn tó ti ń gba ìtọ́jú ni wọ́n fi ń ṣọ́; jẹjẹrẹ lè ti bẹ̀rẹ̀ kí CA 15-3 má gbéra rárá, àìsàn ẹ̀dọ̀ nìkan sì lè gbé e sókè. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kan kókó, ẹ lọ ya mammogram tàbí kí ẹ ṣe sìkáànù, ohun yòówù kí èsì ẹ̀jẹ̀ sọ.