Ǹjẹ́ ó ti pẹ́ jù láti fẹjọ́ fàdá tó ṣe ọmọ níṣekúṣe ní ilé-ìwé sùn?

Ẹ béèrè láti Àkúrẹ́ bóyá ẹ̀gbọ́n yín, tí fàdá kan ṣe níṣekúṣe nígbà tó ń gbé inú ọgbà ilé-ìwé Àgùdà ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ṣì lè sọ ọ́.

Ó lè sọ ọ́. Òfin Ìjọ Àgùdà tí wọ́n ń pè ní Vos estis lux mundi, tí Póòpù Francis gbé jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, tí ó sì sọ di òfin tí yóò máa wà títí lọ ní 2023, pàṣẹ pé kí gbogbo dáyósíìsì, títí kan ti Oǹdó tí Àkúrẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, ní ọ̀nà tí àwọn ènìyàn lè gbà mú irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ wá. Ó sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní kí olùfisùn pa ẹnu mọ́. Èyí kì í ṣe ohun kékeré nílẹ̀ wa, níbi tí àwọn àgbà ti máa ń fi orúkọ Ọlọ́run pa ọmọ lẹ́nu mọ́.

Ìdájọ́ ní kóòtù Ìjọ ló ní gbèdéke, ìyẹn ogún ọdún lẹ́yìn tí ẹni náà bá pé ọmọ ọdún 18, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀ràn ìgbàgbọ́ ní Vatican lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀sùn níwájú bíṣọ́ọ̀bù kò sì dí ti ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé fàdá kàn fi pàṣán na ọmọ lásán, ìyẹn kò sí lábẹ́ òfin yìí.

Irú ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan: ní Ireland, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ ló tú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ síta nínú ìròyìn tí ó jáde ní 2009. Bí fàdá náà bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere òkè òkun, kí ẹ̀gbọ́n yín kọ̀wé sí olórí ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú, kí ó sì fi ẹ̀dà ìwé náà pamọ́.