Ẹ Bi Ìyá Aláṣọ: Mo fẹ́ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn rin ilẹ̀ òkèèrè, owó ọwọ́ mi kò sì pọ̀

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá wa. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìkẹ́nnẹ́, ọmọ ọdún 27 ni mí. Ọdún méjì ni mo fi dá èésú kí n tó rí 250,000 náírà tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Nínú ọlidé gígùn tó ń bọ̀, mo fẹ́ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, kí n wọ Bẹ̀nẹ̀, kí n gba Tógò dé Gánà, kí n sì padà sílé láàárín ọjọ́ 14. Mo ti ní páṣípọ́ọ̀tù. N kò lọ ra ọjà, mo kàn fẹ́ fojú rí ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní owó náà kò lè tó. Ìyá mi ní obìnrin kì í dá rin ìrìn òfo. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó ṣeé ṣe? Níbo ni kí n ti ṣọ́ owó ná?
Olùkọ́ tó fẹ́ fojú rí, Ìkẹ́nnẹ́.

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ó ṣeé ṣe, inú mi sì dùn sí lẹ́tà rẹ gan-an. Ṣùgbọ́n yọ Tógò àti Gánà kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ọjọ́ 14 rin orílẹ̀-èdè mẹ́ta, inú ọkọ̀ ló máa wà. Ọkọ̀ ló máa jẹ owó rẹ tán, nígbà tí o bá sì padà dé Ìkẹ́nnẹ́, orúkọ garáàjì lo máa rí kà fún wa. Owó sídì ti Gánà tún yàtọ̀ sí sẹ́fà (CFA) tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, gbogbo ibi tí èèyàn bá sì ti ṣẹ́ owó ni díẹ̀ ti ń já sílẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ nìkan, ọjọ́ mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọdún 1994 ni mo kọ́kọ́ tẹ̀lé ìyá mi lọ ra aṣọ ní ọjà Tọ̀kpá ní Kùtọnu, ọdún yẹn gan-an tí wọ́n gé iye sẹ́fà sí ìdajì tí gbogbo àwa aláṣọ Ìjẹ̀bú-Òde ń sáré lọ síbẹ̀. Láti ìgbà náà, ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń lọ tí mo fi ń bọ̀, n kò sì mọ̀ ju ọ̀nà ọjà àti ọ̀nà ẹnubodè lọ. Ó ń dùn mí. Ní 2017, mo gba báàgì ẹ̀yìn tí ọmọ mi gbé lọ sí yunifásítì, mo ti ìsọ̀ mi, mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án rin ilẹ̀ náà láìra ọ̀pá aṣọ kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni mò ń lọ.

Ìdí tí mo fi ní kí o bẹ̀rẹ̀ láti Bẹ̀nẹ̀ ni pé èdè ẹnu rẹ, owó ni níbẹ̀. Bí o bá gba Ìdí-Ìrókò kọjá sí Ìgòlò, Yorùbá lo máa gbọ́ ní apá méjèèjì. Ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń kọ ní Porto-Novo lórí máàpù, Ègùn pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ Yorùbá nínú ọjà kò kéré. Kétu, Pọ̀bẹ̀, Ṣábẹ̀ẹ́, ilẹ̀ Yorùbá ni gbogbo wọn. Nàgó ni wọ́n ń pe àwa àti èdè wa. Àlejò tí kò gbọ́ èdè kò lè nájà, bí ó bá sì fẹ́ gbọ́ ìtàn, ó máa sanwó fún ẹni tó máa mú un káàkiri. Ìwọ, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ máa sọ fún ọ pé, “Dúró, má wọ mọ́tò yẹn, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò wọ́n.” Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ó yá, ká ṣírò. Yọ 40,000 náírà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ní ilẹ̀ tiwa, láti Ìkẹ́nnẹ́ sí Ṣágámù, kí o gba ọ̀nà Èkó dé Ṣàngó Ọ̀tà, kí o wá bọ́ sí Ìdí-Ìrókò. Ó ku 210,000. Nígbà tí mo ṣẹ́ owó kẹ́yìn, 100,000 náírà fún mi ní nǹkan bíi 38,000 sẹ́fà, nítorí náà tìrẹ máa sún mọ́ 80,000. Pín in sí ọjọ́ mẹ́jọ, 10,000 sẹ́fà ni lójúmọ́: 5,000 fún ibi tí o máa sùn, 2,000 fún oúnjẹ, 2,000 fún ọkọ̀, kí 1,000 máa wà nílẹ̀ fún owó àbáwọlé tàbí òjò tó bá dá ọ dúró. Bí o bá fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́rìnlá pẹ̀lú owó yìí, ìta gbangba lo máa sùn sí, n kò sì fẹ́ ìyẹn fún ọmọbìnrin tó ń dá rìn.

Fún ibi ìsùn, ilé tí wọ́n bá kọ “auberge” síwájú rẹ̀ ni kí o máa wò. Bèèrè yàrá onífáànù, torí yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù lè fẹ́ẹ̀ wọ́n tó ìlọ́po méjì. Ilé àlejò àwọn ìjọ Àgùdà dára, ó mọ́, wọ́n sì máa ń ti géètì lálẹ́. Mo fẹ́ràn tiwọn fún obìnrin. Yàrá tí o máa sùn ní alẹ́ àkọ́kọ́, pè wọ́n kí o tó kúrò nílé, kí o má baà gúnlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí o máa wá ilé kiri.

Ní ti oúnjẹ, gbé gàrí Ìjẹ̀bú kọ́ńgò kan dání. Má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni mò ń sọ. Gàrí, ẹ̀pà àti omi tútù ni oúnjẹ ọ̀sán mi ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, owó ọ̀sán ni mo fi wo ohun tí mo lọ wò. Ní Àjàṣẹ́, onílé mi bá mi níbi tí mo ti ń rẹ gàrí lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbàlagbà ni, ìró dúdú ló ró. Ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò rà á, ó gbé e sí imú, ó wá bu ú jẹ ní gbẹrẹfu. Ojú rẹ̀ sún kì nítorí kíkan rẹ̀. Ó wọlé lọ, ó gbé gàrí tiwọn jáde nínú ike, èyí tí wọ́n ń pè ní sohui, láti Savalou. Ó kúnná, ó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń dún lábẹ́ eyín bí iyanrìn, kò sì kan rárá. A pò ó pọ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì títí mo fi kúrò nílé rẹ̀, kò gba owó àkàsà àti wàràǹkàṣì lọ́wọ́ mi mọ́. (Àkàsà ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ wa.)

Láti ibì kan sí ibì kan nínú ìlú, ọ̀kadà ni, zẹ́mìjàn lorúkọ tí wọ́n ń pè é. Èdè Fọ̀n ni, ó túmọ̀ sí pé “gbé mi kíá.” Ní Kùtọnu, ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò tó ní nọ́ńbà lára ni wọ́n ń wọ̀. Dá iye lé e kí o tó gun ọ̀kadà, kí o sì máa kó owó wẹ́wẹ́ 100 àti 200 sínú àpò, torí “n kò ní ṣéńjì” ló máa ń jẹ owó àlejò. Láti ìlú sí ìlú, mọ́tò akérò ni, ó máa ń dúró títí ó fi kún. Tètè jí lọ.

Nísinsìnyí, gbọ́ èyí dáadáa. Àwọn nǹkan kan wà tí o kò gbọ́dọ̀ ṣọ́ owó ná lórí wọn. Àkọ́kọ́ ni òǹtẹ̀ páṣípọ́ọ̀tù. Ní 2008, mò ń kánjú, ọlọ́kadà kan ní òun máa gbé mi gba inú oko kọjá kí n má baà tò. Mo gbà fún un. Nígbà tí mò ń bọ̀, wọ́n ṣí páṣípọ́ọ̀tù mi, wọn kò rí òǹtẹ̀ tí mo fi wọlé. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ti dá mi dúró, ilẹ̀ ṣú mi síbẹ̀. Owó tó jáde lọ́wọ́ mi tó owó ilé àlejò fún alẹ́ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ àṣìṣe mi ni. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Tò sórí ìlà, gba òǹtẹ̀ tiwa, gba òǹtẹ̀ tiwọn, wo déètì tó wà lórí rẹ̀ kí o tó kúrò níwájú ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Èkejì ni owó ìpadàbọ̀. Láti ilé ni kí o ti rán an mọ́ inú yẹ̀rì tàbí abẹ́ báàgì, ní náírà, kí o gbàgbé pé o ní i. Ebi lè pa ọ́, má fọwọ́ kàn án. Ọ̀tá owó yìí ni aṣọ. Bí o bá wọ Tọ̀kpá, aṣọ máa wù ọ́, èmi aláṣọ ló ń sọ ọ́ fún ọ: má rà. Aṣọ yẹn wà ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí.

Bí o ṣe máa tò ó rèé. Ṣe alẹ́ mẹ́ta ní Àjàṣẹ́. Wo mọ́ṣáláṣí àgbà tí àwọn ọmọ Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé kọ́, kí o wò ó dáadáa, ojú ṣọ́ọ̀ṣì ló ní, nítorí bí wọ́n ṣe ń kọ́lé ní Bahia, ní Bùràsíìlì lọ́hùn-ún, ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó rán mi létí àwọn ilé alájà tó ti pẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lẹ́yìn náà, gba Sàkété àti Pọ̀bẹ̀ gòkè lọ sí Kétu, sùn méjì. Padà wá sí Kùtọnu fún ìyókù. Láti Kùtọnu o lè lọ Wídà kí o bọ̀ lọ́jọ́ kan, kí o fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà títí dé etí òkun. Má gun ọkọ̀ lọ́nà yẹn, fẹsẹ̀ rìn ín. Ganvié, ìlú tó wà lórí omi ọ̀sà Nokoué, dára, ṣùgbọ́n wá àwọn àlejò mìíràn tí ẹ jọ máa pín owó ọkọ̀ ojú omi, torí ó wọ́n fún ẹnì kan. Àgbómẹ̀ jìnnà díẹ̀. Ààfin àwọn ọba Dáhómì tó wà níbẹ̀ ti wà nínú ìwé ogún àgbáyé ti UNESCO láti 1985, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ bí owó bá ti ń fúnra, fi í sílẹ̀ di ọdún mìíràn. Kétu ni kí o má fi sílẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní Kétu, wọ́n mú mi lọ sí Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú náà. Ògiri amọ̀ ni, ó nípọn, ilẹ̀kùn igi rẹ̀ ga jù mí lọ, yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká sì wà níwájú rẹ̀. Àwọn Dáhómì ló kó ìlú náà ní 1886. Ọmọdé tó mú mi débẹ̀ kò tó ọdún méjìlá, ó ń sọ ọ́ bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀. Mo dúró létí yàrà yẹn, ọkàn mi lọ sí Erédò, yàrà àtijọ́ tiwa tí a fi orúkọ Bìlíkísù Sùngbọ́ pè, tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ jìn tó 20 mítà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a máa ń gbà lọ oko nígbà tí mo wà lọ́mọdé, n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè rí pé ta ló gbẹ́ ẹ. Kétu ni mo ti kọ́kọ́ bèèrè. Ìwọ tó jẹ́ olùkọ́, o mọ ohun tí o máa fi ìyẹn ṣe níwájú àwọn ọmọ rẹ.

Oṣù Kẹjọ ni kí o lọ, òjò máa ń sinmi díẹ̀. Ibi tí o bá ti rí ojúbọ, bèèrè kí o tó ya fọ́tò.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá rẹ. Má bá a jà. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù náà sì ní ìdí. Kọ orúkọ ilé tí o máa sùn àti nọ́ńbà wọn fún un, fún un ní ẹ̀dà ojú ewé páṣípọ́ọ̀tù rẹ, kí ẹ jọ fi aago méje alẹ́ ṣe àdéhùn, kí o máa pè é lójoojúmọ́ láìyẹ̀. Bí kò bá tíì gbà, mú un wá bá mi ní ìsọ̀ mi. Ìyá ọlọ́mọbìnrin mẹ́ta ni mí, a máa jọ sọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ

Ìyá wa, ẹ káàsán. Wọ́n ní a kò nílò físà láti wọ Bẹ̀nẹ̀. Ṣé ìwé NIN mi nìkan lè gbé mi kọjá? Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè.

ÌDÁHÙN

Rárá, ọmọ mi. Òótọ́ ni pé àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa ní 90 ọjọ́ láìsí físà, ṣùgbọ́n àdéhùn yẹn kan náà béèrè ìwé ìrìnnà tó péye àti ìwé abẹ́rẹ́. Gba páṣípọ́ọ̀tù. Kó káàdì yẹ́lò ti ibà pọ́njú dání pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ náà, káàdì rẹ̀ sì wà títí ayé, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tí o bá gbà á kí wọ́n tó kà á sí. Má dúró di ọ̀sẹ̀ tí o máa gbéra.