Fíìmù mi kò ní gbajúmọ̀ òṣèré

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo fi fóònù ya fíìmù oníṣẹ́jú 12 nípa ìyá mi tó ń ta ẹ̀kọ ní Muṣin. Ilé sinimá kan ní kò sí gbajúmọ̀ nínú rẹ̀. Ibo ni kí n gbé e lọ?

Ìdáhùn: Àbúrò, owó tíkẹ́ẹ̀tì ni ilé sinimá ń wá. Wo àjọ̀dún fíìmù S16 l'Ékòó, tí àwọn olùdarí fíìmù C.J. Obasi, Abba Makama àti Michael Omonua dá sílẹ̀ ní 2021. Oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ń ṣe é, fíìmù kúkúrú sì ń ráyè níbẹ̀. Àmọ́ kọ́kọ́ tún ohùn rẹ̀ ṣe! Bí àwòrán bá ṣókùnkùn, mo lè fara dà á. Bí jẹnẹrétọ̀ bá bo ohùn màmá mọ́lẹ̀, màá dìde lọ ni. Kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀, kí Yorùbá màmá má yí padà.